Fífi mátíríìsì ṣírò fúláwà, owó ọjà àti àpòpọ̀ oúnjẹ adìẹ: ẹ bá wa dá sí i

IléBúrẹ́dì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Béékárì wa ń ṣe ọjà mẹ́ta: búrẹ́dì ńlá, bọ́ǹsì àti míìtì páì. Lálaalẹ́ ni iye tí àwọn oníbàárà fẹ́ fún ọjọ́ kejì máa ń dé, ẹni tó wà ní sítọ̀ á wá gbé kàkúlétọ̀, á máa ṣírò fúláwà, ṣúgà àti bọ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń jẹ àkókò, àṣìṣe sì ń wọ̀ ọ́. Wọ́n ní mátíríìsì lè parí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Báwo la ṣe máa tò ó sínú Excel?

Ìbéèrè kejì: ṣé a lè gba ẹ̀yìn wọ̀ ọ́? Ìyẹn ni pé ká fi ohun tó jáde ní sítọ̀ mọ iye búrẹ́dì, bọ́ǹsì àti páì tó yẹ kó ti inú ààrò jáde.

Òṣùwọ̀n wa fún ẹyọ kan, ní gíráàmù, rèé:
Búrẹ́dì ńlá: fúláwà 500, ṣúgà 60, bọ́tà 30
Bọ́ǹsì: fúláwà 80, ṣúgà 14, bọ́tà 8
Míìtì páì, láìka ẹran inú rẹ̀: fúláwà 100, ṣúgà 2, bọ́tà 45

Lọ́la a nílò búrẹ́dì 200, bọ́ǹsì 300, páì 120.

Ìṣirò101

Ẹ kúuṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà bà yín lẹ́rù. Mátíríìsì ò ju nọ́ḿbà tí a tò sínú ìlà àti òpó lọ, tí ìlà kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀, tí òpó kọ̀ọ̀kan náà sì ní tirẹ̀. Ìlà ni èyí tó nà lọ ní ìbú, òpó ni èyí tó dúró lóòró. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọn kì í pinnu ohun tí ìlà dúró fún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ nọ́ḿbà.

Ẹ jẹ́ kí ìlà jẹ́ ohun èlò, kí òpó jẹ́ ọjà:

fúláwà: 500, 80, 100
ṣúgà: 60, 14, 2
bọ́tà: 30, 8, 45

Ẹ kọ àwọn mẹ́sàn-án yìí sínú B2 dé D4. Orúkọ ọjà wà lókè ní ìlà kìíní, orúkọ ohun èlò wà ní òpó A. Ẹ wá kọ ohun tí wọ́n fẹ́ lọ́la sínú F2 dé F4, lóòró: 200, 300, 120. Nínú H2, ẹ kọ =MMULT(B2:D4,F2:F4).

Ohun tó ń ṣe kò ju èyí lọ: ó mú ìlà fúláwà, ó fi iye búrẹ́dì sọ 500 di púpọ̀, ó fi iye bọ́ǹsì sọ 80 di púpọ̀, ó fi iye páì sọ 100 di púpọ̀, ó wá ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. 100,000 + 24,000 + 12,000 = 136,000 gíráàmù, ìyẹn kílò 136. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ṣúgà, ó jẹ́ kílò 16.44, ó ṣe é fún bọ́tà, ó jẹ́ kílò 13.8. Bí àpò fúláwà bá jẹ́ kílò 50, àpò 2.72 lẹ ó lò, nítorí náà àpò mẹ́ta ni kó jáde, kí èyí tó kù padà sí sítọ̀ pẹ̀lú àkọsílẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ọjọ́ méjì pa pọ̀, ẹ fi òpó míì kún un. Ká ní ọjọ́ kejì jẹ́ 150, 400, 80, tí ẹ kọ ọ́ sínú G2 dé G4, =MMULT(B2:D4,F2:G4) á fún yín ní òpó méjì; ti ọjọ́ kejì á jẹ́ fúláwà kílò 115, ṣúgà 14.76, bọ́tà 11.3. Bí ẹ ṣe lè ṣe ọ̀sẹ̀ kan gbáko nìyẹn.

Nínú Excel tuntun àti Google Sheets, èsì máa ń tàn kálẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí Excel yín bá jẹ́ ti àtijọ́, ẹ kọ́kọ́ sàmì sí gbogbo àpótí tí èsì máa wọ̀, ẹ kọ fọ́múlà, kí ẹ wá tẹ Ctrl, Shift àti Enter pa pọ̀. Bí ẹ bá tẹ Enter nìkan, fúláwà nìkan ló máa jáde.

Ẹlẹ́rọExcel

Ẹ̀gbọ́n ti là á mọ́lẹ̀. Mo fẹ́ tẹnu mọ́ ọ̀fìn kan, nítorí kì í pariwo.

Ọjà yín mẹ́ta, ohun èlò yín náà mẹ́ta. Tábìlì yín dọ́gba ní ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí náà bí ẹ bá ṣì í tò, ẹ̀rọ ò ní kọ̀. Ká ní ẹnì kan tẹ 200, 300, 120 sí ìbú, tó sì fi síwájú tábìlì ọjà dípò ẹ̀yìn rẹ̀. MMULT á ṣe é láìjanpata. Èsì àkọ́kọ́ á jẹ́ 200 lọ́nà 500, pẹ̀lú 300 lọ́nà 60, pẹ̀lú 120 lọ́nà 30, àpapọ̀ 121,600. Kílò 121.6! Ẹni tó bá rí i á gbà á gbọ́, nítorí kò jìnnà sí 136. Ṣùgbọ́n ó ti fi iye bọ́ǹsì sọ ṣúgà búrẹ́dì di púpọ̀, kò nítumọ̀ kankan, fúláwà á sì tán lórí iṣẹ́.

Ohun tó máa gbà yín ni kí ẹ fi yíìsì kún un. Ká ní ó jẹ́ 5 fún búrẹ́dì, 1 fún bọ́ǹsì, 0 fún páì. Tábìlì yín á di ìlà mẹ́rin, òpó mẹ́ta, láti B2 dé D5. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tó bá gbé nọ́ḿbà mẹ́ta síwájú rẹ̀ á rí #VALUE!, nítorí iye òpó tábìlì àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ bá iye ìlà tábìlì kejì mu. Kí ẹ̀rọ kọ̀ fún wa sàn ju kó parọ́ fún wa lọ.

Ẹ sì kọ 0 náà sílẹ̀ o. Bí ẹ bá fi àpótí yíìsì páì sílẹ̀ lófìfo, #VALUE! kan náà lẹ máa rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹ bá kọ "60g" dípò 60. Ọ̀rọ̀ ni ẹ̀rọ kà á sí. Orí orúkọ ìlà ni kí "gíráàmù" wà.

Bí ẹ bá rí #SPILL! nínú Excel, tàbí #REF! nínú Sheets, ìṣirò yín ò bàjẹ́. Nǹkan kan ló wà lójú ọ̀nà níbi tí èsì fẹ́ tàn sí.

Ìṣirò101

Òótọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi owó kún un. Iye owó tí mo máa lò yìí, àpẹẹrẹ lásán ni, ẹ fi ti ọjà yín rọ́pò rẹ̀: fúláwà ₦1,200 ní kílò kan, ṣúgà ₦1,600, bọ́tà ₦3,000. Ẹ tò ó sí ìbú, B8 dé D8. Ẹ kọ =MMULT(B8:D8,B2:D4)/1000. Èsì á jẹ́ ₦786 fún búrẹ́dì kan, ₦142.40 fún bọ́ǹsì, ₦258.20 fún páì.

Pínpín sí 1000 yẹn ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Gíráàmù ni òṣùwọ̀n wà, kílò ni owó wà. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, búrẹ́dì kan á di ₦786,000. Èyí rọrùn láti rí. Èyí tó ṣòro láti rí ni pé òpó B dé D lókè jẹ́ orúkọ ọjà, àmọ́ ní ìlà 8 ohun èlò ni wọ́n: B8 fúláwà, C8 ṣúgà, D8 bọ́tà. Ẹ kọ orúkọ wọn sórí wọn ní ìlà 7, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lọ́jọ́ kan ẹnì kan á kọ owó bọ́tà sábẹ́ bọ́ǹsì. Bí yíìsì bá ti wọlé, ẹ fi owó rẹ̀ sí E8, kí fọ́múlà di B8:E8 àti B2:D5.

Báyìí lẹ ṣe máa dán an wò. Ẹ fi iye owó ẹyọ sọ iye ọjà di púpọ̀: 786 lọ́nà 200, 142.40 lọ́nà 300, 258.20 lọ́nà 120. Ó jẹ́ ₦230,904. Ẹ wá gba ọ̀nà kejì: kílò 136 lọ́nà 1,200, 16.44 lọ́nà 1,600, 13.8 lọ́nà 3,000. Ó tún jẹ́ ₦230,904. Ọ̀nà méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu dé orí kọ́bọ̀. Bí wọn ò bá bára mu, ìlà kan ti yẹ̀ níbì kan.

Ní ti èyí tó ń ṣòfò lára ẹ̀rọ àti lórí tábìlì, bí ẹ bá ti wọ̀n ọ́n pé ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún fúláwà ló ń lọ, ẹ pín 136 sí 0.97, kò ní jẹ́ pé ẹ fi 1.03 sọ ọ́ di púpọ̀. Kílò 140.2 ló máa jáde. Ìyàtọ̀ wọn kéré níbí, ṣùgbọ́n bí òfò bá ga, á hàn.

IléBúrẹ́dì

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ìbéèrè kejì ńkọ́? Mo rí i pé MINVERSE wà. Ọ̀gá fẹ́ ká máa fi mọ̀ bóyá ọjà ń sọnù.

Ẹlẹ́rọExcel

Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí parí kí ẹ tó fi mú ẹnikẹ́ni.

MINVERSE máa ń wá mátíríìsì tó ń dá iṣẹ́ tábìlì yín padà sẹ́yìn. Ìlà gbọ́dọ̀ pọ̀ tó òpó, nítorí náà ẹ mú fúláwà, ṣúgà àti bọ́tà nìkan. =MMULT(MINVERSE(B2:D4),J2:J4), tí J2 dé J4 jẹ́ 136000, 16440, 13800. Á dá 200, 300, 120 padà fún yín. Ó dùn ún wò.

Ẹ wá yí ṣúgà sí 16940, ìyẹn ìdajì kílò péré lé sí i, bí ẹni pé òṣùwọ̀n yẹ̀ díẹ̀ tàbí ṣúgà dà sílẹ̀. Ẹ̀rọ á sọ pé búrẹ́dì 186.2, bọ́ǹsì 395.8, páì 112.1. Ìdajì kílò ṣúgà ti "ṣe" bọ́ǹsì mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún tí ẹnikẹ́ni ò rí! Bẹ́ẹ̀, ìdajì kílò fúláwà á yẹ iye bọ́ǹsì ní nǹkan bí 13 péré, ti bọ́tà á yẹ ẹ́ ní nǹkan bí 25.

Ohun tó fà á ni pé búrẹ́dì àti bọ́ǹsì yín jọra jù. Ṣúgà inú búrẹ́dì jẹ́ ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún fúláwà rẹ̀, ti bọ́ǹsì jẹ́ 17.5, bọ́tà jẹ́ 6 àti 10. Ìyàtọ̀ kékeré yẹn nìkan ni ẹ̀rọ fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí náà àṣìṣe kékeré nínú ṣúgà á wú di ńlá.

Bí ẹ bá tún lọ ṣe búrẹ́dì kékeré tó jẹ́ ìdajì ńlá gẹ́lẹ́, fúláwà 250, ṣúgà 30, bọ́tà 15, yíìsì 2.5, ó parí nìyẹn. Ìlà mẹ́rin, òpó mẹ́rin ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ìṣirò kankan láyé tó lè fi ohun èlò mọ̀ bóyá búrẹ́dì ńlá kan ni tàbí kékeré méjì. #NUM! ni MINVERSE máa ń fi hàn. Nígbà míì ẹ̀rọ ò ní kọ #NUM!, àwọn nọ́ḿbà gàgàrà tí kò ṣeé gbà gbọ́ ló máa kó jáde, torí kọ̀ǹpútà máa ń gé ìdá kékeré kúrò. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wo =MDETERM(B2:D4), nọ́ḿbà kan ṣoṣo tó ń fi hàn bóyá tábìlì ṣeé dá padà sẹ́yìn. Tábìlì yín ti òní jẹ́ 101,800. Bó bá jẹ́ 0, tàbí ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí 0, ẹ fi sílẹ̀. Àmọ́ kí MDETERM tóbi kò túmọ̀ sí pé ewu ò sí. Ẹ ṣáà ti rí ohun tí ṣúgà ṣe.

Ohun tó yẹ kí ọ̀gá yín máa ṣe rèé: ẹ ka ọjà tó jáde nínú ààrò, ẹ fi MMULT ṣírò ohun èlò tó yẹ kó lọ, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí sítọ̀ kọ sílẹ̀. Bí fúláwà bá fi kílò 4 lé lójoojúmọ́ tí ṣúgà àti bọ́tà sì pé, ẹ wo fúláwà tí wọ́n ń wọ́n sórí tábìlì àti òṣùwọ̀n fúláwà. Bí gbogbo wọn bá lé ní ìwọ̀n kan náà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa gé ìyẹ̀fun tóbi jù, tàbí kí ọjà jáde láìkọ. Èyí ń fi ọ̀nà hàn wá. MINVERSE níbí á kàn fi ẹ̀sùn kan ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

OníOúnjẹAdìẹ

Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Níbi àpòpọ̀ oúnjẹ adìẹ, gbígba ẹ̀yìn ni iṣẹ́ gan-an, nítorí ohun tó yẹ kó wà nínú oúnjẹ la mọ̀, ìwọ̀n tí a máa pò la ń wá.

Ẹ wo kílò 100 oúnjẹ adìẹ tó ń yé ẹyin. Kílò 12 ti lọ fún òkúta ẹfun lílọ̀, eegun lílọ̀, iyọ̀, premix (àdàpọ̀ fítámínì àti mínírà) àti àwọn amino acid (èròjà tó ń para pọ̀ di púrótéènì). Ó ku 88 fún àgbàdo, sóyà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀, àti èérí àlìkámà. Púrótéènì tí a fẹ́ jẹ́ 16.5 nínú ọgọ́rùn-ún, agbára 2,600 kílòkálórì ní kílò kan. Ìwọ̀n tí mo lò: àgbàdo, púrótéènì 9, agbára 3,350, sóyà, 44 àti 2,230, èérí àlìkámà, 16 àti 1,300. Èérí yàtọ̀ láti ilé ìlọ̀ kan sí òmíràn, ẹ lo èyí tí ẹni tó ń tà á fún yín bá kọ, tàbí kí ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò.

Ẹ kọ ọ́ báyìí, kí òpó jẹ́ àgbàdo, sóyà àti èérí (16.5 lọ́nà 100 ló di 1,650, 2,600 lọ́nà kílò 100 ló di 260,000):
1, 1, 1: àpapọ̀ 88
9, 44, 16: àpapọ̀ 1,650
3350, 2230, 1300: àpapọ̀ 260,000

Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà lè fi bírò ṣe é. Ẹ fi 16 sọ ìlà kìíní di púpọ̀, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìkejì: èérí á kúrò, á ku −7 àgbàdo + 28 sóyà = 242. Ẹ fi 1,300 sọ ìlà kìíní di púpọ̀, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìkẹta: 2,050 àgbàdo + 930 sóyà = 145,600. Láti inú ìlà tó ṣáájú, sóyà jẹ́ 242 pẹ̀lú àgbàdo lọ́nà 7, tí a wá pín gbogbo rẹ̀ sí 28. Ẹ gbé ìyẹn sínú èkejì, àgbàdo á jáde ní 60.27, sóyà 23.71, èérí 4.02. Ẹ rò wọ́n pọ̀: 88 gẹ́lẹ́. Fún tọ́ọ̀nù kan, ẹ fi 10 sọ ọ́ di púpọ̀.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́. Bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ 2,700 kílòkálórì dípò 2,600, ìṣirò á sọ pé àgbàdo 64.65, sóyà 24.81, èérí −1.45. Ta ló lè yọ kílò kan ààbọ̀ èérí kúrò nínú oúnjẹ tí kò fi sí i? Ìṣirò ò ṣàṣìṣe, ó ń sọ fún yín pé ohun mẹ́ta yìí ò lè ṣe ohun tí ẹ bèèrè. Ẹ má kàn sọ ọ́ di 0 kí ẹ máa lọ. Ẹ fi òróró pupa díẹ̀ rọ́pò èérí, tàbí kí ẹ dín agbára tí ẹ fẹ́ kù, kí ẹ tún un ṣe.

Bí sóyà tí wọ́n tà fún yín bá jẹ́ 40 dípò 44, púrótéènì oúnjẹ yín á bọ́ sí nǹkan bí 15.55, ìṣirò tó pé ò sì ní gbà yín.

Bí iye ohun èlò bá ju iye ìdọ́gba (àwọn ìlà ìṣirò òkè yẹn) lọ, bíi kí ẹ fi PKC (èkùrọ́ tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀) àti ẹ̀pà tí wọ́n ti fún kún un, ìdáhùn á pọ̀ lọ súà, MINVERSE ò sì lè yan èyí tó dínwó jù. Ẹ lọ sí Solver nínú Excel, irinṣẹ́ tó ń wá ìdáhùn tó dára jù, ẹ yan Simplex LP, ẹ sàmì sí ibi tó ní kí nọ́ḿbà má ṣe bọ́ sábẹ́ 0. Ọ̀nà tí George Dantzig gbé kalẹ̀ ní 1947 ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Lórí òṣùwọ̀n, premix àti methionine (ọ̀kan lára àwọn amino acid) kéré, ẹ kọ́kọ́ fi kílò mélòó kan àgbàdo lílọ̀ pò wọ́n kí ẹ tó dà wọ́n sínú ẹ̀rọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn á dúró sójú kan.

Akọ̀wéOwó

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ́fíìsì ní ṣókí: bí a ṣe ń pín owó àwọn ẹ̀ka tó ń ran ara wọn lọ́wọ́ sórí ọjà. Ẹ̀ka jẹnẹrétọ̀ ná ₦600,000, ẹ̀ka àtúnṣe ná ₦400,000. Jẹnẹrétọ̀ ń fún àtúnṣe ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún iná, búrẹ́dì ń gba 50, páì 30. Àtúnṣe ń lo ìdá 10 àkókò rẹ̀ fún jẹnẹrétọ̀, 40 fún búrẹ́dì, 50 fún páì. Tí ẹ bá kọ́kọ́ pín ti ẹnì kan, ti ẹnì kejì ti yẹ̀.

Ẹ kọ ọ́ ní ìdọ́gba méjì, kí J jẹ́ gbogbo owó jẹnẹrétọ̀, kí A jẹ́ ti àtúnṣe: J = 600,000 + 0.1A; A = 400,000 + 0.2J. J á jẹ́ 653,061, A á jẹ́ 530,612. Búrẹ́dì á gbé ₦538,776, páì ₦461,224. Àpapọ̀ wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ mílíọ̀nù kan géérégé. Bó bá lé tàbí bó bá dín, ìdá yín kan ò pé ọgọ́rùn-ún. Irú ìṣirò yìí, tí Wassily Leontief lò fún ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè odindi, ló gba ẹ̀bùn Nobel fún ní 1973.

IléBúrẹ́dì

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ìkan tó kù: ọmọ sítọ̀ ló máa máa lò ó lálaalẹ́. Báwo la ṣe máa mọ̀ pé kò tíì ba tábìlì jẹ́?

Ìṣirò101

Ẹ ti àpótí òṣùwọ̀n pa, kí ibi tí a ń kọ iye ọjà sí nìkan ṣí sílẹ̀. Láràárọ̀ Mọ́ńdè, ẹ kọ 1, 0, 0 sínú F2 dé F4: èsì gbọ́dọ̀ jẹ́ 500, 60, 30, 5. Ẹ kọ 0, 1, 0: 80, 14, 8, 1. Ẹ kọ 0, 0, 1: 100, 2, 45, 0. Kò gba ìṣẹ́jú kan. Èyí tó bá yàtọ̀, òpó ọjà yẹn ni kí ẹ lọ yẹ̀ wò.